Táìlì Tí Omi Ń Tú: Oníṣọ́ọ̀bù Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ẹrù Fàyàwọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú rẹ̀ ni mo bá wá: ẹnì kan ń ta òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n jí já wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì tú àṣírí. Àwọn alárìíwísí ní irọ́ tó jìnnà ni. Wọ́n ṣì í gbáà.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ Hobby Lobby, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 2010, wọ́n ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó lé ní 5,500 ní mílíọ̀nù 1.6 dọ́là. Onímọ̀ òfin tí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ̀ ti kìlọ̀ pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí kó ní Ìráàkì. Síbẹ̀, àwọn wàláà amọ̀ ayé àtijọ́ tí wọ́n kọ̀wé sí lára wọlé, ohun tí wọ́n sì kọ sára páálí ni pé àpẹẹrẹ táìlì ni. Ní 2017, wọ́n kó ẹrù sílẹ̀ fún ìjọba, wọ́n sì san mílíọ̀nù 3 dọ́là.

Ẹ dúró lórí táìlì yẹn. Ta ni yóò fura sí táìlì ní ilé iṣẹ́ ọwọ́? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń jà fún oníṣọ́ọ̀bù wa. Iná la fi ń sun táìlì, ṣùgbọ́n oòrùn lásán ni wọ́n fi gbẹ ọ̀pọ̀ wàláà wọ̀nyẹn. Bí omi bá pẹ́ lára rẹ̀, yóò tú. Ọlọ́pàá lè ka ìwé ẹrù tán kó má rí nǹkan kan. Oníṣọ́ọ̀bù tó ti ń po amọ̀ láti kékeré yóò gbé e lọ́wọ́, yóò fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, yóò sì béèrè pé: táìlì wo ni wọn ò sun? Mo ti sọ ọ́ níbòmíràn, mo tún ń sọ ọ́: ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Àkókò ti ń lọ, kí n yára mẹ́nu ba ìwé ẹ̀rí tó ń sọ ibi tí ẹrù ti wá. Nítorí àdéhùn UNESCO ti 1970, èyí tó tako fàyàwọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn oníṣòwò burúkú a máa fi ìwé ayédèrú sọ pé ẹrù ti kúrò nílé ṣáájú ọdún náà. Ọjọ́ orí bébà àti yíǹkì ìwé náà ni kí òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wò.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú ìtàn yín, ṣé amọ̀ náà padà sílé?”

Mo pa ìwé mi dé. Lóòótọ́, ní 2018, Amẹ́ríkà dá nǹkan bí 3,800 padà fún Ìráàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó hú wọn kò kọ inú yàrá tó ti rí wọn sílẹ̀, kò sì kọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìlú àtijọ́ kan ní Ìráàkì tó ń jẹ́ Irisagrig ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Orúkọ rẹ̀ wà lára amọ̀. Ẹnu àwọn awalẹ̀pìtàn kò tíì kò lórí ibi tó wà. Àwọn tó ń hú ilẹ̀ lóru ló kọ́kọ́ débẹ̀.