Ẹ Má Pa Nọ́ḿbà Kankan Rẹ́: Rúlà, Ọwọ́ àti Ọpọlọ

Ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo yín lẹ ti ṣe ìdánwò rúlà rí, èyí tá a fi ń wọn bó ṣe ń pẹ́ tó kí èèyàn tó dáhùn sí ohun tó rí, mi ò ní fi ṣòfò. Ẹnì kan di rúlà mú ní òró, ẹnì kejì ya àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e sí ibi òdo láìfọwọ́ kàn án, ẹni àkọ́kọ́ á ṣàdédé jù ú sílẹ̀, ẹnì kejì á gbá a mú, ibi tó ti gbá a mú la máa kà. Ó parí.

Mo ti ń rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní ayé ti kọjá rúlà, ápù ti wà lórí fóònù, ojú ẹ̀ á yí àwọ̀ padà, ìwọ á sì tẹ̀ ẹ́. Ó dáa. Ojú fóònù tó wọ́pọ̀ ń yí àwòrán padà ní ìgbà 60 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, torí náà àwọ̀ tó ò ń retí lè fi nǹkan bíi 0.017 sẹ́kọ́ǹdì pẹ́ kó tó hàn sí ẹ, ká má tíì sọ ti ìgbà tí fóònù máa tó mọ̀ pé ìka kàn án. Rúlà ńkọ́? Tó o bá gbá a mú ní 20 sẹ́ńtímítà, tó o wá fi odindi sẹ́ńtímítà kan ṣì í kà, 0.005 sẹ́kọ́ǹdì péré lo fi ṣì í. Igi lásán o! Ti stopwatch tiẹ̀ burú jù, torí àtàǹpàkò ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ náà ń pẹ́, ẹni méjì lò ń wọ̀n pọ̀ yẹn.

Òòfà ilẹ̀ ni aago wa. Ẹ sọ sẹ́ńtímítà yín di ìlọ́po méjì, ẹ fi 980 pín in (bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú nǹkan yára sí i nìyẹn, ní sẹ́ńtímítà), ẹ wá square root ẹ̀, sẹ́kọ́ǹdì nìyẹn. 5 sẹ́ńtímítà jẹ́ 0.10, 20 sẹ́ńtímítà jẹ́ 0.20. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀nà jìn ní ìlọ́po mẹ́rin, àkókò kàn di ìlọ́po méjì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí àwọn tó ń wá average sẹ́ńtímítà kí wọ́n tó sọ ọ́ di sẹ́kọ́ǹdì. 10 àti 30, wọ́n á ní 20 ni, wọ́n á kọ 0.202. Ẹ kọ́kọ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà, 0.143 àti 0.247, 0.195 lẹ máa rí.

Ohun tó gbé mi wá gan-an wá nìyí. Ká ní ọmọ kan gba 18, 16, 19, 17, 29. Kíá, olùkọ́ á ní kó pa 29 rẹ́, pé ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n, ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ṣebí ọkàn náà là ń wọ̀n! Bí ara ṣe lè yára tó ní òpin, bó ṣe lè lọ́ra tó ò ní. Tẹ́ ẹ bá ya gbogbo ẹ̀ sórí gíráàfù, apá ọ̀tún, níbi tí àwọn tó lọ́ra wà, máa ní ìrù gígùn, ìrù yẹn sì ni ìròyìn tó wà nínú ìdánwò yìí. Average nìkan kàn ń fi aṣọ bò ó ni. Ní Greenwich, ní England, lọ́dún 1796, Maskelyne, ọ̀gá àwọn tó ń wo ìràwọ̀, lé Kinnebrook ọmọọṣẹ́ ẹ̀ dànù torí pé àkókò tó ń kọ sílẹ̀ fi 0.8 sẹ́kọ́ǹdì pẹ́ ju tòun lọ. Ìgbà tó yá ni Bessel, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Germany, wá fi hàn pé àwọn àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ fúnra wọn ò bára wọn dọ́gba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pa 29 rẹ́, ọmọ ìyá Maskelyne ni yín, mo ti sọ ọ́.

Èyí tó bá kéré sí 5 sẹ́ńtímítà ńkọ́? Ìyẹn ò dúró de rúlà, ó méfò ni. Àwọn eléré ìje náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá gbéra kó tó pé 0.100 sẹ́kọ́ǹdì lẹ́yìn ìbọn, wọ́n kà á sí pé ó jáde ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ má pa òun náà rẹ́, ẹ sàmì sí i.

Ibí ni ọmọbìnrin kan ti nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹni tó di rúlà mú bá ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú, tí kò wá jù ú ńkọ́?" Ọmọ mi, o ti da ètò mi rú, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń méfò á pa ìka dé mọ́ rúlà tí kò tíì kúrò níbì kan, gbogbo ilé á rí i. Ẹni tó ń ṣòótọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, torí ó gbọ́dọ̀ dá a lójú kó tó mira. Ohun tí Donders ará Netherlands ṣe lọ́dún 1868 nìyẹn: kó o dáhùn lásán, kó o dáhùn sí ọ̀kan kó o fi èkejì sílẹ̀, kó o yan ìdáhùn láàárín ọ̀pọ̀, lẹ́yìn náà ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì láti mọ iye àkókò tí ìpinnu ń gbà. Ẹ lo rúlà méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ju ẹyọ kan sílẹ̀, kí ọwọ́ tó kàn nìkan gbá a mú. Ẹ fi sẹ́kọ́ǹdì yọ ọ́ o, kì í ṣe sẹ́ńtímítà! Ẹ tún wo bí àwọn nọ́ḿbà náà á ṣe fọ́n ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n ní àkókò ti tán. Èèyàn máa ń yára dáhùn sí ohùn ju ìmọ́lẹ̀ lọ, torí iṣẹ́ kẹ́míkà inú ojú ń falẹ̀ ju bí etí ṣe ń ṣe tiẹ̀ lọ. Oorun náà ní ipa tiẹ̀, mo ní gíráàfù ẹ̀ níbí, ẹ wá wò ó tá a bá dìde.

Ẹnì kan ṣì ń bi mí bóyá ìgbà mẹ́wàá tó. Kò tó. Ẹ ṣe é ní ìgbà 30, kí àlàfo àárín ìka yín má sì yí padà.