Ilé Tó Wà Nínú Igi: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹyẹ Tó Ń Dorí Kodò Rìn

Kàbà ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo gé àsọtúnsọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi sílẹ̀ bó ṣe rí.

Okun o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tó jókòó lẹ́yìn. Mo rí àwọn tó ti Iyara wá, mo rí àwọn ará Mopa àti Ìsánlú. Ẹ kú ọ̀nà o.

Àwòrán kan ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi àwòrán ẹyẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní oko ẹ̀gbọ́n òun lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n ti yà á. Ẹyẹ náà lẹ̀ mọ́ ara igi, ó dorí kodò. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú tí wọ́n po aró díẹ̀ mọ́. Ìlà dúdú kan gba ojú rẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí èèyàn lé tìróò tó sì fà á dé ọrùn. Ikùn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Bí mo ṣe rí i ni mo ti mọ̀ pé ẹni kankan ò ya àwòrán yẹn ní ilẹ̀ Yàgbà.

Nuthatch ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden nípa ewéko àti ẹranko, ló sọ èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ní Sitta europaea ní ọdún 1758. Ohun tó ń ṣe ló fún un lórúkọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn: á mú kóró èso, á kì í bọ ojú èèpo igi tó lanu, á sì máa fi ẹnu ṣá a lórí títí yóò fi là. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní afọ́kóró lónìí.

Níbo ni afọ́kóró ń gbé? Láti Pọtogí àti Bìrìtìkó ní ìwọ̀ oòrùn títí dé Japan ni ẹ ti lè rí i nínú igbó. Kò sí ní Ireland rárá. Ní Scotland, ọdún 1989 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ yé ẹyin síbẹ̀, ó sì ti ń tàn kálẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó wà ní Mòrókò. Ìbátan rẹ̀ kan tún wà ní orí òkè ní Algeria, tí àwọn onímọ̀ kò mọ̀ pé ó wà láyé títí di 1975. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ibi tí a jókòó sí yìí, títí dé ìpẹ̀kun Áfíríkà ní gúúsù, ẹyọ kan ò sí.

Ó dùn mí gan-an pé àwọn kan ń gbé àwòrán ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń kọ orúkọ ìlú wa sí i lábẹ́. Ọmọ tó bá gbà wọ́n gbọ́ á máa wá ohun tí kò sí, á wá kọjá lára èyí tó wà. A sì ní tiwa. Ẹyẹ kékeré kan wà ní ọ̀dàn onígi ní Nàìjíríà tó ń rìn mọ́ ara igi bí afọ́kóró. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní tótòtó funfun lórí àwọ̀ ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ díẹ̀. Salpornis ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Kì í wọ ihò: orí ẹ̀ka ló ń tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí, a sì máa fi òwú aláǹtakùn so ó, débi pé ẹ̀ ń wo ìtẹ́ náà ẹ ó máa rò pé kókó igi ni. Ìyá àgbà mélòó ló ti jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣa ẹmi, tí kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí?

Ẹ ó bi mí pé, nígbà tí afọ́kóró ò sí nílẹ̀ wa, kí ló dé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Kàbà? Torí ilé rẹ̀ ni. Inú ihò igi ló ń gbé. Ẹnu rẹ̀ kò lágbára láti gbẹ́ igi líle, nítorí náà ihò tí igi fúnra rẹ̀ jẹrà sí, tàbí èyí tí àkókó ti gbẹ́ tó sì fi sílẹ̀, ló ń wá. Bí ẹnu ihò bá tóbi jù, á kó amọ̀, á fi rẹ́ ẹ títí yóò fi ku ibi tí ara òun nìkan lè gbà kọjá, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Amọ̀ yẹn á gbẹ, á le bí ògiri, ẹyẹ tó tóbi jù ú ò ní lè wọlé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Kleiber, ìtumọ̀ rẹ̀ ni arẹ́lé. Òun ni wọ́n sì yàn ní ẹyẹ ọdún wọn ní 2006.

Ẹ fọkàn sí ibi tí mo ń lọ. Akọ àti abo rẹ̀ kì í kúrò ní sàkáání wọn, ì báà ṣe ìgbà òtútù tàbí ìgbà oòrùn. Kóró tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ èèpo igi nígbà ìkórè ni wọ́n ń jẹ nígbà ọ̀wọ́n. Ẹyẹ tí kì í ṣí lọ, tí kò sì lè kọ́lé fúnra rẹ̀, kí ló gbójú lé? Igi àgbà, igi tó ti ní egbò, igi tó ti kú tó ṣì dúró. Torí pé igbó tó nírú igi bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ lọ́hùn-ún ló fi wọ́pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹyẹ tó wọ́pọ̀ kò nílò ìtọ́jú.

Àwọn kan ń lọ láti oko dé oko ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ń sọ fáwọn àgbẹ̀ pé ìdọ̀tí ni òkú igi, pé kí wọ́n gé e kí oko lè mọ́. Mo ti bá irú wọn jiyàn lójúkojú, màá sì tún bá wọn jiyàn. Ẹ wo àyín kan tó gbẹ, tó dúró. Àkókó á gbẹ́ ẹ lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ á gbẹ́ òmíràn. Ihò àkọ́kọ́ ò ní ṣófo: ẹyẹ mìíràn á wọ̀ ọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ àdán, lẹ́yìn rẹ̀ oyin. Káfíńtà tí kì í gbowó ni àkókó. Ẹni tó bá gé igi yẹn sun èédú, àdúgbò kan ló sun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rìn, torí àwọn ọmọ ilé ìwé bèèrè. Àkókó ní ìka ẹsẹ̀ méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ìrù rẹ̀ le, ó sì ń fi ti igi bí ẹni fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ó ń gòkè ni. Afọ́kóró kò lo ìrù rárá. Mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn ni ìka tirẹ̀. Á fi ẹsẹ̀ kan kọ́ òkè, á fi èkejì ti ìsàlẹ̀, á sì dorí kodò sọ̀ kalẹ̀. Kòkòrò tí àkókó ò rí nígbà tó ń gòkè…

Ibí yìí ni bàbá ọdẹ kan ti dìde, kò dúró dé àkókò ìbéèrè. Ó ní:

“Tíṣà, ẹyẹ tó ń fi amọ̀ rẹ́ ẹnu ihò tí o ní kò sí níbí, ó wà ní oko mi. Abo rẹ̀ ló ń wà nínú ihò. Akọ rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ fún un láti ìta. Àtíòro la ń pè é.”

Mo gbé ìwé mi sílẹ̀. Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ yín sì ṣe pàtàkì ju èyí tó kù nínú ìwé mi lọ.

Àtíòro kì í ṣe ìbátan afọ́kóró, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ló ń bá wọn fínra: ẹnu rẹ̀ tóbi lóòótọ́, àmọ́ kò lè gbẹ́ ihò sínú igi tó yè. Nígbà tí abo bá fẹ́ yé, á wọ inú ihò, á fi amọ̀ àti ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ẹnu rẹ̀ pa, á ku ojú tóóró kan. Ojú tóóró yẹn ni akọ ń na ẹnu bọ̀ láti fún un lóúnjẹ. Nínú ibẹ̀ ni ìyẹ́ ìfò rẹ̀ ti ń já, tí tuntun ń hù. Lásìkò yẹn, kò lè fò. Nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà díẹ̀, ìyá á fọ́ amọ̀, á jáde, àwọn ọmọ fúnra wọn á tún ẹnu ihò dí, baba àti ìyá á jọ máa bọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ ro ó wò. Ẹni tó bá yìnbọn pa akọ àtíòro lásìkò náà, kì í ṣe ẹyẹ kan ló pa. Ìyàwó àti ọmọ wà nínú igi níbì kan tí wọ́n ń retí rẹ̀.

Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Bàbá náà tún dìde, ó ní òun ò tíì gbọ́ ibi tí ìyẹ́ ti ń já rí, ṣùgbọ́n òun ti rí ìyẹ́ nísàlẹ̀ igi náà lọ́pọ̀ ìgbà, òun rò pé ológbò ló pa á ni. Ìyá kan láti Bùnú wá bèèrè pé, ṣé kí àwọn má dáná mọ́ ni? Rárá, ìyá mi. Ẹ dáná. Ẹ̀ka tó jábọ́ wà, igi tí ẹ gbìn fún ìdáná wà. Igi kan tó ní ihò láàárín oko ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì gbá ilẹ̀ ìdí rẹ̀ kí iná ọ̀dàn tó dé lọ́gbẹlẹ̀.

Àkókò ti lọ, n ó yára. Ẹyin mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni afọ́kóró sábà máa ń yé. Ìbátan rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà máa ń mú èèpo igi lẹ́nu láti fi gbé èèpo mìíràn kúrò, kó lè rí kòkòrò. Òmíràn níbẹ̀ ń fi oje igi ahóyaya, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pine, kun ẹnu ihò rẹ̀.

Èyí tó kù ni ti ìwé kíkọ. Ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis wà ní Jos, iṣẹ́ kíka ẹyẹ Nàìjíríà tó ń jẹ́ Nigerian Bird Atlas Project sì ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án lórí mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan: ọjọ́, irú igi, ohun tí ẹyẹ ń ṣe, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, bóyá l'Ówé, ní Yàgbà, ní Ìjùmú tàbí ní Bùnú.

Bàbá ọdẹ ní àárọ̀ Sátidé ni òun ń lọ sóko. Ọmọ mẹ́rìnlá ló ti forúkọ sílẹ̀ láti bá a lọ wo igi náà. Ó ní kí wọ́n má pariwo bí wọ́n bá débẹ̀, torí amọ̀ ṣì wà lẹ́nu ihò rẹ̀.