Àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀: ẹni tó ń dìbò, iye ọdún, àti ọjọ́ ìbò

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Àtúnṣe tó ń yí ètò ìṣèlú orílẹ̀-èdè padà ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Nígbà tí wọ́n bá ń tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, abala tó ka agbára ààrẹ lẹ́sẹẹsẹ ni gbogbo ènìyàn máa ń tẹjú mọ́. Èrò tèmi ni pé abala tó sọ ẹni tí yóò yan ààrẹ, iye ọdún tí yóò lò, àti ìgbà tí ìbò yóò wáyé, ló sábà máa ń yí ìjọba padà ju ìyẹn lọ.

Ilẹ̀ Faransé ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1958, kì í ṣe ará ìlú ló ń yan ààrẹ. Àwọn aṣòfin àti àwọn aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, tí gbogbo wọn lé ní 80,000, ni wọ́n yan Charles de Gaulle, ọ̀gágun tó ṣáájú àwọn ọmọ Faransé tó bá Jámánì jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní oṣù Kẹjọ 1962, àwọn kan dènà dè é ní Petit-Clamart nítòsí Paris, wọ́n da ìbọn bo mọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n orí kó o yọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kéde pé ó yẹ kí ará ìlú fúnra wọn máa dìbò yan ààrẹ, nítorí pé ẹni tí yóò gba ipò lẹ́yìn òun kò ní ní irú òkìkí tí ogun fún òun, bí kò bá sì sí ìbò gbogbo ìlú lẹ́yìn rẹ̀, apá àwọn aṣòfin yóò tètè ká a.

Abala 89 òfin náà sọ pé ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí àtúnṣe. De Gaulle mọ̀ pé wọn kò ní gbà, ló bá gba ti abala 11, èyí tó fún ààrẹ láyè láti gbé àbádòfin lórí ètò ìjọba síwájú ará ìlú tààrà. Gaston Monnerville, tó jẹ́ ààrẹ ilé aṣòfin àgbà, bẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà yìí gidigidi. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, ilé aṣojú-ṣòfin dìbò láti lé ìjọba Georges Pompidou, olóòtú ìjọba de Gaulle, lọ, de Gaulle náà sì tú ilé ọ̀hún ká. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tó yè ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Monnerville gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀, àwọn yẹn sì dáhùn pé àwọn kò ní àṣẹ láti yẹ òfin tí ará ìlú fọwọ́ ara wọn dìbò fún wò.

Ojú tèmi ni pé ọ̀nà tó gbà kò tọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. François Mitterrand wà lára àwọn tó ta ko àtúnṣe náà. Ní 1965 ó jáde du ipò ààrẹ lábẹ́ rẹ̀, ní 1981 ìbò ará ìlú yìí kan náà ló gbé e wọlé, ó sì lo ọdún 14 níbẹ̀. Ẹni tó ń retí àtijókòó lórí àga kì í fẹ́ gé ẹsẹ̀ àga náà kúrú.

Àtúnṣe ọdún 2000 kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Sáà ààrẹ jẹ́ ọdún méje nígbà náà, ti aṣojú-ṣòfin sì jẹ́ ọdún márùn-ún. Nítorí pé wọn kò dọ́gba, ìgbà mẹ́ta ni ààrẹ ti bá ara rẹ̀ pẹ̀lú ilé aṣòfin tó wà lọ́wọ́ àwọn alátakò rẹ̀: 1986 sí 1988, 1993 sí 1995, àti 1997 sí 2002. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, olóòtú ìjọba tó wá láti ẹgbẹ́ alátakò ló ń darí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Wọ́n wá fi ìbò gbogbo ìlú dín sáà ààrẹ kù sí ọdún márùn-ún. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò tó jáde wá sọ tẹnu wọn, bóyá nítorí pé ó jọ ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán. Ní 2001, àwọn aṣòfin ṣètò kí ìbò ààrẹ máa ṣáájú tiwọn. Láti 2002 sí 2017, gbogbo ààrẹ tó wọlé ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń borí nílé aṣòfin ní oṣù tó tẹ̀ lé e, olóòtú ìjọba sì di ọmọ abẹ́ rẹ̀ gan-an, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kún agbára ààrẹ. Èyí kì í ṣe àdéhùn ayérayé o, nítorí ní 2022 Emmanuel Macron wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì rí iye tó fẹ́.

Ní Tógò, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀. Ní 2024, ilé aṣòfin ibẹ̀ pa ìbò ará ìlú fún ipò ààrẹ rẹ́, láìgbé e lọ síwájú ará ìlú. Ààrẹ di ẹni iyì lásán tí àwọn aṣòfin ń yàn, agbára sì bọ́ sọ́wọ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ mínísítà, tí kò ní gbèdéke sáà. Faure Gnassingbé, tó ti ń ṣe ààrẹ láti 2005, ló gba ipò tuntun náà ní oṣù Karùn-ún 2025.

Abala kan tún wà tí mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú àbádòfin àtúnṣe, òun sì sábà máa ń wà lẹ́yìn pátápátá: èyí tó sọ bóyá ọdún tí ẹni tó wà lórí oyè ti lò tẹ́lẹ̀ yóò wọ inú ìṣirò. Àtúnṣe kejìlélógún ti Amẹ́ríkà, tó ní a kò gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan sípò ààrẹ ju ìgbà méjì lọ, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ní 1951, sọ ọ́ gbangba pé gbèdéke náà kò kan ẹni tó wà nípò nígbà tí wọ́n dábàá rẹ̀, ìyẹn Harry Truman. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, Abdoulaye Wade wọlé ní 2000, òfin ìpìlẹ̀ tuntun sì fi gbèdéke sáà méjì sílẹ̀ ní 2001. Nígbà tó fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kẹta ní 2012, àwọn adájọ́ ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ kò sí nínú ìṣirò. Ìfẹ̀hónúhàn gba ìgboro, àwọn kan sì kú, kí alátakò rẹ̀, Macky Sall, tó fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìbò ìpele kejì ní oṣù Kẹta.