Alùpùpù Onísílíńdà Kan ní Ọ̀nà Òkè-Ẹ̀rì

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ní ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, níbi tí alùpùpù mi ti máa ń dúró dè mí títí n ó fi gba ìsinmi láti Lọ́ńdọ̀nù.

Alùpùpù tí wọ́n ṣe fún títì ọlọ́dà àti ọ̀nà oko ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 250 cc lọ, sílíńdà kan ṣoṣo ni ó ní, atẹ́gùn lásán ni ó ń tù ú lára, táyà iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 21, èyí tí kì í jẹ́ kí ó rì sínú kòtò bí táyà kékeré.

Kò ní gééjì epo. Bí epo bá fẹ́ tán, ẹ́ńjìnnì a bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, màá sì na ọwọ́ òsì sí abẹ́ táǹkì láti yí ẹnu epo, ìyẹn kọ́ọ̀kù tí a fi ń ṣí epo tí a sì fi ń tì í, sí epo tí ó wà ní ìpamọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, láàárín Orù àti Àgọ́-Ìwòyè, àyà mi já. Ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ a máa tú nọ́ọ̀tì, nítorí náà n kì í jáde láìkọ́kọ́ fi sípánà dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kábúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni ó le jù: bí mo bá fi epo sínú rẹ̀ lọ fún oṣù mẹ́wàá, epo náà a gbẹ, a di oje tí ń lẹ̀, a sì dí ihò tí kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Síbẹ̀, nígbà tí ìṣó gún táyà ẹ̀yìn mi ní Òdógbolu, bàbá fọkanáísà kan tí ń lẹ túùbù ọ̀kadà wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, túùbù náà ṣá ni, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Kò pẹ́ tí mo fi padà sójú ọ̀nà.

Òkè-Ẹ̀rì ni mo fẹ́ràn láti máa gbà á lọ, ìlú tí wọ́n ti ń bọlá fún Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́lá inú ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Ẹ̀rẹ̀dó, yàrà àti odi erùpẹ̀ tí ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ní Lọ́ńdọ̀nù, inú rélùwéè ni mo ń wà láàárọ̀ lálẹ́, láàárín àwọn tí kì í wojú ara wọn. Níhìn-ín, eré mi kò ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, òórùn gààrí tí wọ́n ń yan a máa pàdé mi lọ́nà, àwọn èrò oko a ní "ẹ kú ìrìn o", ẹ́ńjìnnì mi kò sì pariwo jù kí n má lè dá wọn lóhùn.

Ọjọ́bọ̀ ni mo ń padà. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, màá ti ẹnu epo, màá fa èyí tí ó wà nínú kábúrétọ̀ sínú agolo, màá sì fi aṣọ bo alùpùpù náà.