Ilẹ̀ Ìwakùsà Tí A Sọ Di Pápá Ìjẹko: Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Koríko

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, n ó kọ́kọ́ sọ ojú tí mo fi wo ọ̀rọ̀ yìí. Koríko tí ó hù yọ̀yọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa kùsà kò tíì di pápá ìjẹko. Ó lè jẹ́ ajílẹ̀ tí a fọ́n lọ́dún àkọ́kọ́ ni koríko náà ń jẹ, bí ajílẹ̀ bá sì tán, yóò pọ́n, yóò ṣá, ọ̀gbàrá yóò sì tún máa gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń bọ́ koríko fúnra rẹ̀, tí koríko sì ń bọ́ ẹran, ni iṣẹ́ náà tó parí.

Òfin ìwakùsà orí ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1977 fún èédú mọ èyí. Ó ní kí ẹni tí ó wa èédú dá ilẹ̀ padà sí ìrísí tí ó sún mọ́ ti àtẹ̀yìnwá, kí ó sì máa mójú tó o fún ọdún 5 níbi tí òjò ọdún kan bá ju íǹṣì 26 lọ, tàbí ọdún 10 níbi tí òjò kò bá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọdún tí wọ́n gbin irúgbìn, fọ́n ajílẹ̀ tàbí bomi rin ilẹ̀ kẹ́yìn ni òǹkà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an, nítorí ó fi ìrànlọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó wo ilẹ̀.

Kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò rárá ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú òkè, tí irúgbìn, ewé jíjẹrà àti àwọn ohun abẹ̀mí àìfojúrí wà nínú rẹ̀, ni kí wọ́n ha kúrò lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá kó o jọ gègèrè fún ọdún púpọ̀, afẹ́fẹ́ kì í dé inú rẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ a sì kú. Ó sàn kí wọ́n gbé e lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti dí kòtò tán.

Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù lójú tèmi ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Katakata a máa lọ síwá sẹ́yìn léraléra kí ojú ilẹ̀ lè jọ̀lọ̀ lójú ẹni tí ó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò, erùpẹ̀ a sì le gbagidi. Òjò tí ì bá wọlẹ̀ a ṣàn lọ, gbòǹgbò tí ì bá lọ sísàlẹ̀ a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ọ̀dá bá sì dé, koríko a gbẹ kíákíá. Ilẹ̀ tí ó rí gbágungbàgun díẹ̀ sàn jù. Bí ó bá ti le ná, kí wọ́n fi irin gígùn tí katakata ń fà la inú rẹ̀ jìnnà nígbà tí ó bá gbẹ, nítorí bí ilẹ̀ bá tutù, irin yóò kàn gba inú rẹ̀ kọjá bí ọ̀bẹ ni, kò ní fọ́ ọ.

Kíkan ilẹ̀ náà tún ńkọ́? Níbi púpọ̀ tí a ti ń wa èédú, òkúta kan wà tí irin àti imí ọjọ́ para pọ̀ dá, tí wọ́n ń pè ní pyrite. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá ti kàn án, ásíìdì ni ó ń mú jáde, ásíìdì yìí a sì tú alumíníọ́mù inú erùpẹ̀ sílẹ̀ láti ba gbòǹgbò jẹ́. Òkúta ẹfun tí a lọ̀ kúnná ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a wọn ẹfun tí yóò tó fún ásíìdì tí ó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pápá tí ó dára lọ́dún kejì lè di ilẹ̀ pípá lọ́dún karùn-ún.

Ní ti naitirójìn, èròjà tí ó ń mú ewéko dàgbà, àwọn ewéko ìdílé ẹ̀wà, bí clover àti alfalfa, ni ìrètí wa, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú kókó gbòǹgbò wọn ń fà á láti inú afẹ́fẹ́. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè má sí nínú ilẹ̀ tuntun, nítorí náà kí a fi wọ́n ra irúgbìn kí a tó gbìn ín.

Ewéko tí kì í kú kọ́ ni ó dára jù. Wọ́n gbin koríko kan tí ń jẹ́ fescue Kentucky 31, tí wọ́n fi síta fún àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 1943, sórí ilẹ̀ èédú púpọ̀ nítorí líle rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun abẹ̀mí kan tí ó jẹ́ ẹ̀yà olú, tí ń gbé inú rẹ̀, a máa ṣe màlúù ní àìsàn. Lespedeza cuneata, ewéko ìdílé ẹ̀wà kan, pẹ̀lú dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá gbó, ó máa ń korò lẹ́nu ẹran, ó sì ti gba pápá mìíràn tí a kò gbìn ín sí.

Bí mo bá dé orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣọ́bìrì ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Mo ń wò ó bóyá gbòǹgbò ń lọ sísàlẹ̀ tàbí ó ń yà, bóyá ekòló wà, àti bóyá ìgbẹ́ màlúù ti ọdún tó kọjá ti wọlẹ̀ tán, àbí ó ṣì wà lórí ilẹ̀ bí ó ti bọ́ sílẹ̀.