Orí Olókun tí wọ́n pè ní ayédèrú

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi bíi tèmi. Ní Lọ́ńdọ̀n níbí, "fake" kì í jìnnà sẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti dájọ́. Ó máa ń dùn mí, ó sì máa ń rán mi létí Orí Olókun.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Orí tí wọ́n fi idẹ rọ ni, ó dé adé, nǹkan ṣóńṣó kan nà ró níwájú adé náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì kún ojú rẹ̀ láti òkè dé àgbọ̀n. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, fi pọ́n-ùn 6 àti ìgò wisikí gbà á ní Ifẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kó dá a padà. Frobenius kò tiẹ̀ gbà pé àwọn baba wa ló ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ní Atlantis ló ti wá, ilẹ̀ tí àwọn Gíríìkì ní òkun gbé mì!

Ó tún ku kan. Ní 1949, Leon Underwood, oníṣẹ́ ọnà ará Gẹ̀ẹ́sì, àti William Fagg ti British Museum yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ẹ̀dà lásán ni, pé inú yanrìn ni wọ́n ti rọ ọ́, kì í ṣe ìda tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ń lò (wọ́n á fi ìda mọ ère, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà kúrò, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀). Ojúlówó dà? Àwọn kan ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Frobenius ló gbé e lọ.

Mi ò pe àwọn méjèèjì lópùrọ́, wọ́n kúkú yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ àwọn tó ń tún un sọ lẹ́yìn wọn fún ohun tó lé ní 60 ọdún ńkọ́, ta ló padà lọ wò ó? Tí o bá ní nǹkan jẹ́ ojúlówó, wọ́n á ní kó o mú ẹ̀rí wá. Tí o bá ní ayédèrú ni, ọ̀mọ̀ràn ni wọ́n máa pè ọ́.

A dúpẹ́ pé a ò tìtorí ìyẹn pa á tì nílé. Òun la fi ṣe àmì ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní Èkó ní 1973, inú mi sì ń dùn sí i títí di òní.

Nígbà tó yá, Paul Craddock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní British Museum tún idẹ náà yẹ̀ wò, àti bí wọ́n ṣe rọ ọ́. Ní 2013, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ó jọ pé òun gan-an ni ojúlówó.

Tí ìwé tó ṣì ń pè é ní ẹ̀dà bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bírò kọ 2013 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ.