Ọwọ́ Inú Àpótí: Ohun Tó Pín Àwọn Òǹkàwé Níyà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ìwé. Ìwé tí mo gbé wá lónìí ni Fünf, ìyẹn Márùn-ún. Ursula Poznanski, ọmọ ìlú Vienna, ló fi èdè Jámánì kọ ọ́, ó sì jáde lọ́dún 2012. Ẹnu àwa tí a ti kà á kò kò lórí rẹ̀ rárá.

Òkú obìnrin kan ni wọ́n bá ní pápá tí màlúù ti ń jẹko, ní agbègbè Salzburg ní Ọ́sítríà. Wọ́n ti fín nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibì kan lórí ilẹ̀ ayé sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Beatrice Kaspary àti Florin Wenninger, tọ nọ́ńbà náà débi tó júwe. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n bá nínú àpótí kan níbẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá dì pinpin, pẹ̀lú àlọ́ àpamọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ túmọ̀ kí wọ́n tó rí àpótí tó kàn.

Orí àpótí yẹn gan-an ni ìjà wà. Eré ni, geocaching lorúkọ rẹ̀: ẹnì kan á gbé àpótí pamọ́, àwọn yòókù á sì fi ẹ̀rọ GPS, tó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì láti fi mọ ibi téèyàn wà, wá a. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì GPS rú fún aráàlú, débi pé ẹ̀rọ lè fi nǹkan bí 100 mítà ṣi ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n jáwọ́, kò pé ọjọ́ mélòó kan tí Dave Ulmer fi gbé korobá kan pamọ́ nítòsí Beavercreek, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ọjọ́ 3 oṣù náà ni. Ìwé, fídíò, kànnàkànnà àti ẹ̀wà inú agolo wà nínú rẹ̀. Ó kéde nọ́ńbà ibẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá rí i mú nǹkan, kó sì fi nǹkan sílẹ̀. Àjèjì gbé e pamọ́, àjèjì wá a rí, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà níbẹ̀, ó sì dá a padà sáyè rẹ̀. Ìfọkàntán lásán ló gbé eré náà ró.

Ẹni tó bá ti fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rí, tí wọ́n jọ ń tọwọ́ bọ ihò ìdí igi láti wá irú àpótí bẹ́ẹ̀, yóò bínú sí ìwé yìí. Wọ́n ní òǹkọ̀wé ti ba eré ọmọdé jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Àmọ́ ohun tó ń dùn wọ́n yẹn ni agbára ìwé náà lójú tèmi: apànìyàn yìí mọ ibi tí ọkàn èèyàn ti balẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbé ọwọ́ òkú sí.

Ìṣirò tí àwọn àlọ́ inú ìwé náà ń béèrè ló sú àwọn kan. Ìyẹn kò jẹ́ tuntun.

Ẹ̀sùn tí n kò gbà ni pé ọ̀rọ̀ ilé Beatrice pọ̀ jù. Obìnrin náà ti kọ ọkọ sílẹ̀, ó ń tọ́ ọmọ méjì. Gbogbo ẹlẹ́rìí tó bá sì ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń pa á. Ta ló máa ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tí kò ní gbé e wọlé tọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ lálẹ́?